Abẹ́-Bẹ́ẹ̀dì Lọ Pàdé Ìjì

Ẹni tó bá ní òun ò bẹ̀rù àrá rí, ẹ bá mi yẹ etí rẹ̀ wò, bóyá kò gbọ́ràn ni. Àmọ́ ẹ̀rù ju ẹ̀rù lọ. Ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nígbà tó wà ní kékeré, bí àrá bá ti sán lẹ́ẹ̀kan péré, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ ó ti bá a, òun àti ìrọ̀rí rẹ̀, àti ológbò ilé tí kò bẹ̀rù nǹkan kan, tó kàn ń bá a kẹ́gbẹ́. Ìyá rẹ̀ á bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní jáde. Bàbá rẹ̀ nìkan ló mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọkùnrin náà, káfíńtà tó ń kan òrùlé ni, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, á yọjú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì, ṣé ẹ wà nílé?" Bí ọmọ bá ti rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lára nìyẹn, tó fi dàgbà, tó ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá yìí kan náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àrá. Ó ní bí mànàmáná bá ti kọ, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí àrá á fi sán. Bí kíkà bá gùn, ìjì jìnnà. Bí kò bá gùn, kó máa bá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ń kà. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń kà á, ó rí i pé iye náà ń pọ̀ sí i, pé ìjì ti ń kẹ́rù rẹ̀ lọ, ló bá fúnra rẹ̀ rá jáde, eruku kún orí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ó rí ẹ̀yìn ìjì náà bó ṣe ń lọ, funfun lókè, dúdú nísàlẹ̀, tí oòrùn ń ràn sí i lára, ẹnu ọmọ náà là sílẹ̀, kò sì lè pa á dé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe yunifásítì.

Nígbà tó wá sọ pé ìmọ̀ ojú ọjọ́ lòun fẹ́ lọ kà, bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kí lèèyàn tún fẹ́ kọ́ nípa òjò, òjò tó jẹ́ pé orókún òun ń sọ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. Orókún wo? Orókún tó jẹ́ pé, ká má parọ́, bó bá sọ òótọ́ lónìí, á parọ́ lọ́la, á tún parọ́ lọ́tùn-únla. Síbẹ̀, tí ọkùnrin náà bá ti wà láàrin àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀: ọmọ òun ló ń bá òfuurufú ṣèpàdé. Bó bá sì fẹ́ gun òrùlé láàárọ̀, àfi kó kọ́kọ́ pe ọmọ náà lórí fóònù. Ẹni tó ń ti orí páànù jẹun kì í fi ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ṣeré.

Ọdún tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń lọ sí pápá, lọ wo ìjì lójúkojú. Ẹni tí kò bá lọ, kò gba ìwé ẹ̀rí. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ni wọ́n kó wọn sí, tí wọ́n to irin àti wáyà àti ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn sórí òrùlé rẹ̀, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ náà ru ẹrù ilé ìdáná sórí. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, dẹ́rẹ́bà tí kì í sọ̀rọ̀, àti olùkọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin gígùn gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Olùkọ́ ní tirẹ̀, ìyá àgbà kékeré báyìí ni, tó ti ń lé ìjì kiri kí ọ̀pọ̀ nínú bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí tó gbéyàwó. Tí kò bá sí nítòsí, Màmá Ẹ-Dúró-Ná ni wọ́n ń pè é, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Ẹ bi í bóyá òjò á wá, ẹ dúró ná. Ẹ bi í bóyá ó tó àkókò oúnjẹ, ẹ dúró ná. Agùntáṣọọ́lò ní ọjọ́ tí ọkọ wọn ní òun fẹ́ fẹ́ wọn, ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn, ọkùnrin náà sì wà níbi tó ti ń dúró dòní.

Ilé ìtura ẹ̀bá títì ni wọ́n ń sùn, yàrá tí kọ́tìnnì rẹ̀ ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Láràárọ̀ ni màmá á lẹ máàpù mọ́ dígí, á ní kí wọ́n sọ ohun tí ọjọ́ náà máa ṣe. Ó ní kí wọ́n má fi ìwé ńláńlá dẹ́rù ba ara wọn, ìkòkò ni kí wọ́n rò. Ilẹ̀ ni iná, atẹ́gùn tó ní ọ̀rinrin ni omi inú ìkòkò, atẹ́gùn gbígbẹ tó wà lókè sì ni ìdérí. Bí ìdérí bá wúwo jù, omi á hó títí, kò ní ríbi jáde, ọjọ́ á lọ báyẹn. Bí kò bá wúwo rárá, ooru á máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kò ní di nǹkan gidi. Èyí tó wúwo níwọ̀nba, tó wá ṣí lójijì lọ́sàn-án, tí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ń lọ síbì kan tí ti òkè ń lọ síbòmíràn, tí wọ́n jọ ń lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, ìyẹn ni kí wọ́n bẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á jáde lọ fẹ́ fèrè ńlá kan, irú bàlúùn tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn nídìí, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀ sójú ọ̀run, ẹ̀rọ náà á sì máa fi ìròyìn ooru àti atẹ́gùn ránṣẹ́ bó ṣe ń gòkè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì dì í mú, fèrè náà ń fà á kiri àgbàlá bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sílé. Nígbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀, tó ń wò ó títí ó fi kéré ju hóró ìrẹsì lọ, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ojú ọ̀run yẹn. Kò sọ ọ́ síta, kí Agùntáṣọọ́lò má bàa gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi rìn lásán. Wọ́n á wakọ̀ títí, wọ́n á jókòó sídìí ilé epo, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á padà. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn. Ó ní ẹni tí kò bá lè wo ojú ọ̀run tó mọ́, kò ní mọ èyí tó fẹ́ bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó jẹ́ èèwọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ni "ó ń rọ̀." Màmá ní olójú méjì ni. Òjò tó ń já lulẹ̀, ó ń rọ̀. Ìjì tí agbára rẹ̀ ń tán lọ, òun náà ń rọ̀. Ohùn kan náà, àmì kan náà, ìtumọ̀ méjì tó kẹ̀yìn síra wọn. Ẹni tó wà níwájú ìjì á sọ ọ́ lórí rédíò pẹ̀lú ìpayà, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbọ́ ọ pẹ̀lú ayọ̀, á sì jáde lọ fi orí gba yìnyín. Nítorí náà, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ní òjò ti dé. Bí ìjì bá ń fúyẹ́, kí wọ́n ní ó ti dẹwọ́. Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì àti Agùntáṣọọ́lò fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí búrẹ́dì bá rọ̀, wọ́n á ní búrẹ́dì yìí ti dẹwọ́, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ aráyé.

Ọjọ́ tó kan Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì láti sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ó ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wo máàpù, ó wo ìròyìn fèrè, ó tún un wò. Gbogbo rẹ̀ ló pé: ọ̀rinrin wà, ìdérí wà, atẹ́gùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò gbọ́ ti ara wọn. Ó fi ìka kan ibi tí ìjì á ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fa ọ̀nà tó máa gbà, lápá àríwá, jìnnà sí ìlú kékeré tí bàbá rẹ̀ ti ń kan òrùlé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Màmá wo ibi tó fìka kàn, ó mi orí, ó ní kí wọ́n gbéra.

Bàbá rẹ̀ pè, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó ní ó ku páànù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ṣé kí òun gùn ún. Ọmọ ní kí wọ́n gùn ún. Ó ní ìjì á wá, àmọ́ òkè ọ̀hún ló máa gbà, kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá ní orókún òun náà ò sọ nǹkan kan, nígbà tí yunifásítì àti orókún bá ti panu pọ̀, ta ni òun? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gun òrùlé lọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọmọ náà kò gbàgbé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ní gbogbo ọ̀sán yẹn.

Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan tó la pápá gbalasa kọjá. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run. Ooru mú bí ẹni pé ó ń bínú sí wọn. Agùntáṣọọ́lò ti ń sùn nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta lójú fèrèsé. Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí òun ló kó gbogbo wọn wá. Ó bi màmá bóyá òun ti ṣì í. Màmá ní kó dúró ná.

Ìgbà tó tún gbójú sókè ló rí i. Ìkúukùu kékeré kan ni, funfun báláú. Ó ń ga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìkúukùu kàn ń dúró sójú kan, ẹ ò tíì rí nǹkan. Èyí ń ru sókè lójú wọn bí ìfófòó ọṣẹ, ó ń wú, ó ń tì, òkè ń gun orí òkè, títí ó fi di ohun tí wọ́n ń gbé orí sẹ́yìn kí wọ́n tó rí téńté rẹ̀. Lókè pátápátá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì nà lọ títí ó fi bo oòrùn. Òjìji rẹ̀ gba orí pápá kọjá, ó kàn wọ́n lára, ara wọn tutù. Agùntáṣọọ́lò ti jí. Kò sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ mi, Agùntáṣọọ́lò kò sọ̀rọ̀.

Ìdí ìjì náà dúdú, ó dán, ó sì ń yí. Ó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá, ohun tó tóbi ju ìlú lọ, kò sì pariwo. Atẹ́gùn ń ti ẹ̀yìn wọn fẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fa gèlè ọmọbìnrin náà síwájú, koríko pápá dojú kọ ọ̀hún, wọ́n tẹríba. Ìjì ló ń mí sínú. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Omi ń dà lójú Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀. Ó retí pé kí ẹ̀rù ìgbà èwe dé, kí ẹsẹ̀ òun máa wá ibi tí òun máa sá wọ̀, àmọ́ orókún ló fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ń ṣe é bí ẹni pé àgbà kan ló wọlé, tí èèyàn kò gbọdọ̀ jókòó kí i.

Màmá dúró tì í. Màmá, tó ti rí irú èyí láìmọye ìgbà, òun náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Kò tíì mọ́ mi lójú títí dòní. Ọjọ́ tó bá mọ́ ẹ lójú, ọmọ mi, wáṣẹ́ mìíràn ṣe."

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà rí ohun kan. Àwọn ìkúukùu kéékèèké ń lọ sápá àríwá bó ṣe wí, àmọ́ èyí tó tóbi kò tẹ̀ lé wọn mọ́. Ó ti ń ya sọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ti kọ́ wọn pé èyí tó bá ń yí báyìí lè fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, ó sì gba máàkì lé e lórí. Láàárọ̀ yìí kò rántí. Ó wo ibi tí ojú ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún kọrí sí. Ìlú kékeré yẹn ni.

Ó pe bàbá rẹ̀, kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Màmá ní kí gbogbo wọn wọ ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà yí i padà, àmọ́ kí wọ́n tó rìn jìnnà ni yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé, ńlá bí ọsàn wẹ́wẹ́, gíláàsì iwájú là. Inú ariwo yẹn ni fóònù rẹ̀ dún. Bàbá ni. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní ojú ọ̀run ọ̀dọ̀ òun ti ṣú, òun ti ń sọ̀kalẹ̀.

"Ìjì yẹn ńkọ́?" ló bi í.

"Ó ti ń rọ̀, bàbá mi! Ó ti ń rọ̀ gan-an!"

"Ṣé o rí nǹkan! Mo dúpẹ́. Jẹ́ kí n tètè padà lọ kan páànù tó kù."

Ó kú. Fóònù ni mo ní ó kú. Ọmọbìnrin náà jókòó, ó gbé e dání, ó ń wò ó. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó. Kò sí ẹni tó bá a wí nínú ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo màmá, ó ní, "Mà, ẹnu ara mi ni mo fi ní kí wọ́n padà gun òrùlé."

Ó ní kí wọ́n wakọ̀ gba inú yìnyín náà kọjá. Màmá ní rárá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ní kí ó sunkún tó bá fẹ́ sunkún, àmọ́ òun ò ní kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ìdí ìjì. Dẹ́rẹ́bà tí kì í sọ̀rọ̀ ló na fóònù tirẹ̀ sí i láti iwájú, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tòun yàtọ̀. Ọmọbìnrin náà tẹ nọ́ńbà. Ó dún. Ó dún títí. Wọ́n gbé e, ariwo atẹ́gùn nìkan ló sì ń wọlé, ó mọ̀ pé bóyá ọ̀rọ̀ méjì ló máa dé etí wọn, bóyá ẹyọ kan. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ? Ìjì, òjò, ẹ sọ̀kalẹ̀? Wọ́n á ní kò burú, ó ku ìṣó kan.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!" ló pariwo. "Bàbá mi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Fóònù já.

Láti inú ọkọ̀ ni wọ́n ti wo ìjì náà bó ṣe gba orí ìlú kọjá. Ẹ má bínú sí mi bí mo bá ní ó ṣì rẹwà. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ rí i pé ó rẹwà, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀. Mànàmáná ń kọ nínú ikùn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ohun ńlá yẹn kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò sì mọ bàbá ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, wọ́n tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Oòrùn ti yọ, yìnyín funfun lórí títì, ewé igi wà nílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Páànù tuntun kan rọ̀ mọ́ ọgbà ẹni ẹlẹ́ni, ó ká bí ẹní. Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan tún wà níwájú. Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn náà, ìdajì òrùlé ti lọ, ojú ọ̀run wà nínú ilé.

Olùṣọ́ gbọ̀ngàn lóṣòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ńṣì ńlá tí wọ́n fi ń gé pákó. Ó sọ fún wọn pé káfíńtà náà ń gun àkàsọ̀ lọ ni, fóònù dún, ó sì bọ́ sílẹ̀ wìì bí ọmọdé, ó fa òun náà lọ́rùn aṣọ, àwọn méjèèjì kó sábẹ́ bẹ́ńṣì. Bí wọ́n ṣe wọ ibẹ̀ ni òrùlé lọ. Òun ti jáde tipẹ́. Àmọ́ bàbá yìí, kò fara pa, egbò ò sí lára rẹ̀, òun ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò jáde.

Ọmọbìnrin náà kọjá lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì tútù, nínú omi àti èérún pákó, ó yọjú sábẹ́ bẹ́ńṣì. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ká orókún mọ́ àyà, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Abẹ́-bẹ́ẹ̀dì," ló ní, "ṣé ẹ wà nílé?"

Bàbá wò ó.

"Bẹ́ńṣì ni," ló wá ní. "Bẹ́ẹ̀dì ò sí níbí."

Mànàmáná kọ lọ́nà jíjìn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ẹnì kejì, ení, èjì, ẹ̀ta, lórí ìdọ̀bálẹ̀ àti lábẹ́ bẹ́ńṣì, wọ́n kà á lọ títí ó fi gùn, kí àrá tó kùn lọ́hùn-ún bí ẹni ń fa tábìlì nílé kejì.

"Ìjì yẹn ńkọ́?" ni bàbá bi í.

Ọmọbìnrin náà la ẹnu. Ó pa á dé. Ó gbójú wo màmá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún yíjú padà sábẹ́ bẹ́ńṣì.

"Ó ti dẹwọ́, bàbá mi," ló ní. "Ó ti lọ."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó gbé òòlù sílẹ̀, tó na ọwọ́ jáde sí i.